Ìpàkọ́ Mi Ni Wọ́n Mọ̀ ní Rye Lane

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí ẹ ń bi mí pé, "Uncle Ràṣídì, iṣẹ́ wo ni ká kọ́?", ìdáhùn mi gùn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọmọ mi obìnrin jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, èmi ń sọ, òun ń kọ. Èmi fúnra mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ìwó, ìkẹfà ọ̀hún gan-an ò parí tí bàbá mi fi fà mí lé ẹni tó ń tún rédíò ṣe lọ́wọ́. Àmọ́ tí ẹ bá wọ Rye Lane ní Peckham, ní London níbí, lónìí, láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin títí dé ibi tí ọjà ti tán, tí ẹ bèèrè ẹni tó mú máṣíìnì káàdì wọ ibẹ̀, wọn ò ní dárúkọ council. Èmi ni wọ́n máa dárúkọ. Ẹni tó bá sọ pé ìgbéraga ni, kó lọ gbé máṣíìnì tirẹ̀ wọ ọjà ká wò ó.

Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyí. Tí ẹlẹ́ja, aláṣọ tàbí oníṣu bá fẹ́ máa fi káàdì gba owó, àwa la ń gbé máṣíìnì wá, àwa la ń so ó mọ́ wáyà, àwa la ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Tó bá dákú lọ́jọ́ Sátidé tí èrò kún ṣọ́ọ̀bù, àwa náà ni wọ́n ń pè, wọ́n á sì pè wá bí ẹni ilé ń jó.

Bí mo ṣe dé London àti iye tí wọ́n kọ́kọ́ ń san fún mi, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Owó kékeré ni, òtútù ńlá ni. Mò ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì nígbà náà, mo sì ń gbé nínú àwọn ilé council tí wọ́n ń pè ní Aylesbury, tí mo máa ń fẹsẹ̀ rìn jáde sí Walworth Road kí n tó rí bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí bàjẹ́, mo jókòó sílẹ̀, mo ń fi eyín bó wáyà rẹ̀. Bàbá kúkúrú kan dúró lé mi lórí.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?"

"Ọ̀gá mi ní Ìwó ni, sir."

"Ó kọ́ ẹ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Eyín wà fún ẹran. Wá sọ́dọ̀ mi ní Monday."

Alhaji Bùsàrí nìyẹn. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn náà.

Ṣọ́ọ̀bù Alhaji wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọjà kan ní Rye Lane, láàárín ẹni tó ń ta irun àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ó há tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tí ẹnìkan bá fẹ́ yíjú, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ dìde. Sydenham ni Alhaji ń gbé. Láràárọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú báàgì máṣíìnì lórí itan, tó dì í mú bí ìyá ìkókó. Kì í pariwo. Mi ò gbọ́ ọ kó pariwo rí. Ẹ ò mọ bí ọ̀gá tí kì í pariwo ṣe ń dẹ́rù bani tó.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí pé èèyàn ń tẹ nọ́ńbà. Irin pẹlẹbẹ kan ni a ń lò. Ẹ ó gbé káàdì lé e, ẹ ó tẹ́ ìwé kábọ̀ọ̀nù sórí rẹ̀, ẹ ó fa ọwọ́ irin náà lọ, ẹ ó fà á bọ̀: gbàràgà, gbàràgà. Nọ́ńbà tó wà lára káàdì á yọ sórí ìwé, oníbàárà á buwọ́ lù ú, ó parí. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń fa ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀, ara mi á kọ́kọ́ sọ pé wọ́n ń ra ọjà níbì kan. Mo fẹ́ràn ìró yẹn. Gbogbo ọjà ló máa ń gbọ́ pé o tà. Ti ìsinsìnyí ń ké "píì" bí ọmọ adìẹ tí òjò pa.

Lẹ́yìn náà ni káàdì wá ní nǹkan kékeré kan lára tó ń dán bí eyín wúrà, ìbuwọ́lùwé sì lọ, nọ́ńbà mẹ́rin dé: PIN. Ọjọ́ tí máṣíìnì tuntun wọ̀nyí dé ṣọ́ọ̀bù, Alhaji gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Tú u." Inú mi dùn. Èmi tí mo ti tú rédíò, tí mo tú tẹlifíṣọ̀n, tí mo tú fáànù orí àjà pàápàá! Mo yọ ìdè rẹ̀. Kí n tó ṣí ìdérí rẹ̀ tán, ojú rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Mo mì í, mo yí bátìrì rẹ̀. Òkú ni.

"Kí lo ṣe fún un?" Alhaji bi mí.

"Mi ò ṣe nǹkankan, sir. Mo kàn ṣí i ni."

"Ohun tó pa á nìyẹn. Wọ́n ṣe é pé bí ẹnikẹ́ni bá ti yọjú wo inú rẹ̀, kó gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Ẹ̀rọ nìyẹn o, Ràṣídì. Ìwọ ńkọ́?"

Mi ò mọ ohun tó ń bi mí. Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá jẹun ọ̀sán tán, á fa máṣíìnì síwájú, á tẹ nọ́ńbà mẹ́rin lójú mi kòrókòró, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á bi mí lójijì: "Nọ́ńbà wo ni mo tẹ̀ lọ́sàn-án?" Èmi tí orí mi pé, mo máa ń dá a lóhùn kó tó pa ẹnu dé.

"O káre. Wé gbogbo wáyà tó wà nílẹ̀ yìí. Tó o bá wé e tán, tú u, kó o tún un wé."

Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣì í ni. Mo wá tẹjú mọ́ ọn sí i, mo ń dáhùn ṣinṣin sí i, wáyà ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ kan, irin ti bó mi lọ́wọ́, inú bí mi. Mo ní, "Alhaji, mo gbà á o! Kí lẹ tún fẹ́?" Ó ní, "Mo fẹ́ kó o má mọ̀ ọ́n." Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó kú yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ojú ò mọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ rí. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ pé, "Mi ò mọ̀, sir," kó sì jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, Alhaji ra ẹran sísun fún mi, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà tó fi kọ́ mi láti má rí i ni pé, bí oníbàárà bá ti na ìka sí máṣíìnì, kí n kọ ẹ̀yìn sí i. Òfin yìí dára ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó. Mo mú òfin náà dé ṣọ́ọ̀bù Alhaja Ṣìfáwù ẹlẹ́ja, ibẹ̀ ló ti fọ́ mọ́ mi lórí.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé máṣíìnì fún Alhaja lọ́jọ́ náà ni. Òfin iṣẹ́ wa ni pé mo gbọ́dọ̀ dúró tì í lọ́jọ́ kìíní. Alhaji fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣọ́ mi. Oníbàárà tó kọ́kọ́ mú káàdì jáde ni Mummy Rísì, ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ẹni tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún ní mọ́ṣáláṣí. Ó ki káàdì bọ̀ ọ́, ó na ìka. Mo yíjú, mo kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ta ni èyí ń kọ ìdí sí?"

"Mummy, ẹ má bínú. Òfin iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ wo ló ní kí ọmọ Yorùbá yí ìdí sí ìyá rẹ̀? Ṣé bó o ṣe ń kí ìyá tó bí ẹ nìyẹn?"

Alhaja Ṣìfáwù ń fi ọ̀bẹ ha ìpẹ́ ẹja lọ ní tirẹ̀. "Ẹ bá mi bi í, Ìyá Rísì. Àtàárọ̀ tí mo ti ń dán máṣíìnì wò ló ti ń yí bírí nínú ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni òòyì ń kọ́."

Ẹ wo ibi tí mo há sí. Tí mo bá kọjú sí Mummy, mo ti rú òfin Alhaji, ó sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí mo bá kọ ẹ̀yìn sí Mummy, mo ti di ọmọ tí wọn ò kọ́. Àwọn èèyàn ti ń tò sẹ́yìn. Orí mi, tí Ọlọ́run ò fi ṣeré, ló bá ṣiṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Gbalaja ni mo nà sórí ilẹ̀ ẹlẹ́ja yẹn, lórí omi yìnyín àti ìpẹ́, mo dojú bolẹ̀.

"Mummy, ẹ kú ọjà o. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Lẹ́yìn náà ni Mummy Rísì bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ṣì í tẹ̀, ó tún un tẹ̀. "Dìde, ọkọ mi, dìde. Wàá dàgbà." Nígbà tí mo dìde, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Alhaji ti kọjú sí ìta, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń mì.

Ní ìrọ̀lẹ́, ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, "Máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n máa mú ọ̀rá dání, kó o máa tẹ́ ẹ sílẹ̀."

Bó ṣe di iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Nígbà tó yá, ìkúnlẹ̀ ni mò ń kúnlẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ mọ́, torí aṣọ. Màá dorí kodò títí wọ́n á fi ní, "Ó ti tán." Àwọn ọlọ́jà náà kọ́ ọ lára mi. Alhaja Ṣìfáwù, tó bá ti na máṣíìnì sí ọ, á bojú wo inú yìnyín bí ẹni tó ń wá ẹja tó sọnù. Mo ti dé ọjà mélòó kan ní London yìí. Kò síbòmíràn tí wọ́n ti ń ṣe é. Èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin Yúróòpù, torí òun ló sọ iṣẹ́ wa di iṣẹ́ àgbà. Nígbà kan, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé, tí o bá fẹ́ fi káàdì sanwó, wàá fi nǹkan díẹ̀ lé e. Òfin dé láti Yúróòpù pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́: iye tí wọ́n pe ọjà ni kí oníbàárà san, ìbáà fi káàdì san án. Alhaji ní kí n lọ ya gbogbo ìwé náà kúrò. Mo ya ti aláṣọ, mo ya ti oníṣu. Mo dé ọ̀dọ̀ Alhaja Ṣìfáwù.

"Ràṣídì, fi ìwé mi sílẹ̀."

"Alhaja, òfin ni. Láti Yúróòpù ló ti wá."

"Yúróòpù ló ń bá mi gbé yìnyín láàárọ̀ ni? Ṣé wọ́n mọ ohun tí báńkì ń yọ lára mi?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n, Alhaja. Wọ́n ti ní kí àwọn báńkì náà má yọ ju ìwọ̀n kan lọ. Wọ́n wá ní kí ẹ̀yin náà má gbé e ka oníbàárà lórí."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Èyí tó ní ẹni tí kò bá ra ọjà pọ́n-ùn márùn-ún kó má yọ káàdì ńkọ́?"

"Òfin ò bá ìyẹn wí."

"Ṣọ́ra o. Má fi ọwọ́ kan ìyẹn rárá."

Nígbà tí ìlú yìí wá kúrò nínú Yúróòpù, Alhaja ti ra páálí àti gọ́ọ̀mù tuntun sílẹ̀. Mo ní, "Alhaja, ẹ máa fi gọ́ọ̀mù lẹ bàtà. Àwọn ló kúrò, òfin ò bá wọn kúrò. Wọ́n ti sọ ọ́ di ti ilé." Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí.

Òfin kejì ló wúwo jù. Yúróòpù kan náà ló ti wá, ìlú yìí sì gbà á wọlé díẹ̀díẹ̀. Alhaji pe àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù jọ lọ́sàn-án Sunday kan láti là á yé wọn. Ó gbé ìka mẹ́ta sókè. Ó ní kí báńkì tó gbà pé ẹ̀yin lẹ ń náwó yín, ó fẹ́ rí méjì nínú ohun mẹ́ta: ohun tí ẹ mọ̀, ohun tí ẹ ní, ohun tí ẹ jẹ́. Ohun tí ẹ mọ̀ ni nọ́ńbà àṣírí yín. Ohun tí ẹ ní ni káàdì yín, tàbí fóònù tí wọ́n ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí nígbà tí ẹ bá ń ra ọjà lórí ẹ̀rọ ayélujára.

"Ohun tí a jẹ́ wá ńkọ́, Alhaji?" Mummy Rísì bèèrè. "Èmi, ìyá ọmọ mẹ́rin ni mo jẹ́."

"Mummy, ìka yín ni, tàbí ojú yín. Fóònù á wò yín, á mọ̀ yín."

"Á mọ̀ mí ju ọmọ mi lọ nìyẹn. Ọmọ mi kì í wò mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ mọ́símọ́sí, wọ́n lọ sílé. Alhaji ń kó àga jọ, ó ní, "Wọ́n gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó yé wọn."

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ló ṣẹlẹ̀. Owó àwọn ìyá kan dédé fò lọ nínú báńkì. Wọ́n ti fi owó ẹnìkan ra tẹlifíṣọ̀n níbi tí kò dé rí. Ti Mummy Rísì ló burú jù: owó ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ fi lọ wo ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Òṣogbo ló lọ. Gbogbo wọn ló ń ra ẹja lọ́dọ̀ Alhaja Ṣìfáwù, gbogbo wọn ló ń tẹ nọ́ńbà lórí máṣíìnì wa. Kí ọjọ́ tó rọ̀, Rye Lane ti dá ẹjọ́: máṣíìnì Alhaji Bùsàrí ló ń jalè.

Mr Gàníyù aláṣọ, alága àwọn oníṣòwò wa, pe ìpàdé sí yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ohun tó wà nílẹ̀ ò ṣòro láti mọ̀. Tí ìpàdé bá dá wa lẹ́bi, gbogbo ṣọ́ọ̀bù máa tú máṣíìnì wa dànù, wọ́n á sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń kó wọn fún wa. Ẹni tí wọ́n bá sì fi orúkọ olè kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú iṣẹ́ wa, kò ní gbé máṣíìnì fún ẹnikẹ́ni mọ́. Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ ti hospital dé ni. Ó jókòó sórí àga, fìlà rẹ̀ ti tóbi jù fún orí rẹ̀. Orúkọ rere rẹ̀ nìkan ló kù tó ní.

"Alhaji, a ò pè yín lólè o," Mr Gàníyù bẹ̀rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ta ló tún ń wà nídìí máṣíìnì yàtọ̀ sí ẹ̀yin àti Ràṣídì?"

Ohùn kan ta láti ẹ̀yìn: "Ràṣídì ti ra ọkọ̀ o!"

"Ọkọ̀ tí mo fi ń gbé máṣíìnì yín?" mo ní. "Tí mo fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀? Wá rà á lọ́wọ́ mi!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dùn. Mo fẹ́ máa bá a lọ, Alhaji fi ọwọ́ kàn mí lórúnkún.

Ìgbà náà ni Alhaja Ṣìfáwù dìde. Ó ní, "Gàníyù, jókòó. Láti ìgbà tí Nùsí ọmọ ọmọ mi ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni mo ti ń tẹ nọ́ńbà níwájú ọmọkùnrin yìí. Tí ẹ bá ní kí n wá sọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, mi ò lè sọ ọ́. Mi ò rí i rí. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni mo mọ̀. Ó ní àpá kan níbẹ̀ tí irun kì í hù. Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Èmi mọ̀ ọ́n," oníṣu ní. "Ó rí bí ẹ̀wà."

"Kò rí bí ẹ̀wà. Ó tẹ̀ díẹ̀."

"Lápá ọ̀tún ni. Èmi náà mọ̀ ọ́n."

"Mo tiẹ̀ ti máa ń fẹ́ bi í pé kí ló gé e níbẹ̀."

Ọwọ́ ń gòkè ní gbogbo yàrá. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀, mi ò mọ̀ pé mo ní àpá kankan. Mo gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn orí, mo wá a, mo bá a. Àwọn àgbà wa sọ ọ́ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ojú mi ń ta mí.

Alhaji wá dìde. Ó gbé ìka mẹ́ta sókè bíi ti ọjọ́ Sunday yẹn. Ohùn rẹ̀ ò gòkè. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Nínú ohun mẹ́ta yìí, èwo lẹ fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́?"

Mummy Rísì ń fi ìka yí etí ìbòrí rẹ̀. Ó ní, "Ọmọkùnrin báńkì yẹn ló pè mí."

"Ọmọkùnrin báńkì wo, Mummy?"

"Ó kí mi dáadáa. Yorùbá ló fi kí mi. Ó ní, 'Mummy, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìmúra Iléyá, Ọlọ́run á ṣe é ní àṣeyípo ọdún.' Ó béèrè ara àwọn ọmọ. Ó ní olè fẹ́ wọ owó mi, kí n ka nọ́ńbà iwájú káàdì fún òun kí òun lè tì í. Ó ní kóòdù máa wọlé sórí fóònù, kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, Alhaji. Ó ní kí n fi àdúà ti òun lẹ́yìn. Mo ṣe àdúà fún un!"

"Yéè!" ìyá mìíràn pariwo. "Òun náà ló pè mí! Ó béèrè orúnkún mi!"

Bí wọ́n ṣe ń dìde níkọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ẹgbẹ́ àsàlátù kan náà ni gbogbo wọn, nọ́ńbà fóònù wọn sì wà lójú kan nínú ìwé ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni olè náà ti rí wọn kó. Òyìnbó ti pè wọ́n rí pé báńkì ni òun, wọ́n bú u, wọ́n pa fóònù mọ́ ọn lójú. Eléyìí kí wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ó yọ kóòdù náà. Òfin Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, àwọn ìyá wa sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣe ọmọlúàbí.

Ẹnikẹ́ni ò fi Mummy Rísì ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbá pa ẹnu mọ́, ìbá jẹ́ kí wọ́n ju wá síta, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mr Gàníyù ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ síwájú Alhaji, ó ní, "Ẹ fi orí jì wá, sir." Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo kó àwọn ìyá náà lọ sí báńkì wọn, nínú ọkọ̀ onílẹ̀kùn okùn yẹn. Báńkì bá wọn fà á pẹ́, ṣùgbọ́n Mummy Rísì rí tirẹ̀ gbà, ó sì bá ìyá rẹ̀ láyé.

Nígbà tí a jáde nínú ìpàdé yẹn, mo sin Alhaji lọ síbi bọ́ọ̀sì Sydenham. Ó ń rìn pẹ̀lẹ́, mo gbé báàgì. Mo ń retí kó yìn mí. Ẹ gbà pé mo tó yìn! Bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀ kó tó la ẹnu.

"Ràṣídì. Nọ́ńbà wo ni Mummy Rísì ń tẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá?"

"Mi ò mọ̀, sir."

"Ó dáa." Ó gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọlé jókòó, ó gbé e lé itan bó ṣe máa ń ṣe, bọ́ọ̀sì gbé e lọ.

Kò pẹ́ sí i tó padà sí Ìwó, tó jẹ́ ìlú tòun náà, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Mo bá iṣẹ́ náà lọ. Káàdì tí wọ́n ń fi kan máṣíìnì lásán dé, aago ọwọ́ tó ń sanwó dé, ojú tó ń sanwó dé. Àwọn ọlọ́jà wá ń fi fóònù tiwọn gba owó, wáyà tán, bébà tán, ẹni tó ń gbé máṣíìnì náà sì tán. Orúnkún mi ti kọ̀ láti ọdún yìí wá. Dókítà béèrè bóyá bọ́ọ̀lù ni mo gbá. Mo ní rárá, ọ̀wọ̀ ni. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà, èékánná ni wọ́n ń kùn níbẹ̀ báyìí. Mo máa ń dúró wò ó. Mo ṣì mọ ibi tí ìṣó tí Alhaji ń fi kọ́ báàgì rẹ̀ wà. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà pupa, wọn ò yọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá bi mí pé iṣẹ́ wo ló máa pẹ́, mi ò mọ̀. Èyí tí mo fi gbogbo orúnkún mi ṣe, ó ti wọ inú fóònù. Ẹ kọ́ èyí tó bá wù yín. Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí tí mo rí lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá lọ.

Ọmọ mi obìnrin, èyí tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì lọ ra ẹja ìsọmọlórúkọ. Alhaja Ṣìfáwù kì í wá sọ́jà mọ́, àgbà ti dé. Nùsí ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham, tí Yorùbá rẹ̀ ń ta kókó bí owú. Kò mọ̀ mí. Ó di ẹja fún mi, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, mo fi káàdì kàn án.

"Uncle, ọjà yín ti pọ̀ jù for contactless," ó ní. "Ó fẹ́ PIN yín."

Nọ́ńbà yọ sójú fóònù rẹ̀. Ó gbé fóònù náà lé orí òṣùwọ̀n níwájú mi. Lẹ́yìn náà, ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dorí kodò, ó ń wo inú yìnyín. Àwọn èèyàn ń ti ara wọn lẹ́yìn mi, ẹnìkan ń pariwo pé kí a yára. Kò gbójú sókè.

"Ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa ṣe báyìí?" mo bi í.

"Grandma ni," ó ní, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Everybody ń ṣe é ní Rye Lane. Uncle, ẹ ti tẹ̀ ẹ́?"

Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Mò ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, ibi tó ti fi abẹ́rẹ́ di ìbòrí rẹ̀ mú, tí okùn kan ti fẹ́ tú níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò lè rí. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi tún pariwo. Mo tẹ nọ́ńbà mi, nọ́ńbà mẹ́rin, láìyára.

"Ó ti tán, ọmọ mi," mo ní. "Gbé ojú sókè."